Káfíńtà Tó Ń Di Ojú Kan

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá mi fi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Síbẹ̀, bí àlejò bá bi í pé iṣẹ́ wo ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó ń bá dókítà ojú ta awò." Mi ò ta awò rí láyé mi. Ojú ni mò ń kọ́. Bí àwọn kan ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn ni mo ṣe ń kọ́ ojú, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ má bínú sí ìfọ́nnu mi. Ìtàn yìí ò ṣeé sọ láìfọ́nnu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé ojú méjì lè dá ṣáká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀tún á máa wo ibí, òsì á máa wo ọ̀hún, lẹ́tà kan á di méjì, ìlà ìwé á máa rìn bí èèrà. Bí ó bá sú ọpọlọ, á pa ojú kan tì. Ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ kò sì ní mọ̀, torí ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ní ọ́fíìsì dókítà wa ni mo ti ń tọ́jú irú ojú bẹ́ẹ̀, tọmọdé tàgbà. Bọ́ọ̀lù kan tí a kọ lẹ́tà sí lára rọ̀ láti òkè àjà. Pákó ìdúró kan wà nílẹ̀ tó máa ń mì tí àwọn ọmọ bá gùn ún. Okùn funfun gígùn kan so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìlẹ̀kẹ̀ onígi mẹ́ta wà lára rẹ̀, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé. Mo sì ní gíláàsì kan nínú dúrọ́ọ̀ mi tí kì í jẹ́ kí ojú méjèèjì pàdé. Àwọn òbí ni mo máa ń fi sójú fún, kí wọ́n lè rí ohun tí ọmọ wọn ń rí kí wọ́n tó na ọmọ náà pa.

Nínú yàrá yẹn ni káfíńtà náà ti bá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí mo sọ ní Olófòófó nítorí kò sí àṣírí tó ń sùn nínú ikùn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Olófòófó gbé imú lé orí okùn, ó sì pariwo.

"Bọ̀dá, ẹ wá wò ó! Bí mo bá wo ìlẹ̀kẹ̀ pupa, okùn á di méjì, wọ́n á wá pàdé lórí ìlẹ̀kẹ̀!"

"Okùn kan ló wà níbẹ̀ jàre," ni bọ̀dá rẹ̀ wí láti orí àga.

"Ẹ fi síwájú imú tiyín náà kẹ́ ẹ wò ó."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé okùn síwájú imú. Ọkùnrin gíga ni, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Okùn kan," ó ní.

"Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá," ni mo wí. "Méjì ló yẹ kẹ́ ẹ rí."

"Màdáámù, ẹni tó mutí ló ń rí méjì. Èmi ò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀."

Olófòófó já a gbà lẹ́nu mi. "Tíṣà Ojú, bọ̀dá mi kì í lo ojú méjèèjì. Bí wọ́n bá ń wo tẹ́ẹ̀pù, wọ́n á di ojú kan. Bí wọ́n bá ń wo fóònù, wọ́n á di ojú kan. Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun nìkan ni wọ́n ń la méjèèjì."

"Káfíńtà wo ni kì í di ojú kan?" ó dáhùn. "Bí a ṣe ń mọ̀ pé pákó tọ́ nìyẹn."

Mo wo àtàńpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀. Àpá lórí àpá ni. "Kí ló ṣe ìka yín?"

"Òòlù àti orí kunkun."

"Ìwé ńkọ́? Ẹ máa ń kàwé?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwé kì í ṣe tèmi. Olódo ni mí. Ilé ìwé ti sọ fún mi láti kékeré."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye bàtà tó ń wọ̀. Inú bí mi. Inú máa ń tètè bí mi lórí ọ̀rọ̀ báyìí. Mo ní kó jókòó. Mo bo ojú òsì rẹ̀, ó ka lẹ́tà dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo bo ọ̀tún, ó tún kà á dé ìsàlẹ̀. Mo wá ní kó la méjèèjì, mo gbé ìwé kékeré kan sún mọ́ ọn. Kò tíì ka ìlà kan tí ojú òsì rẹ̀ fi ń lọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí oorun ń kun ọmọdé.

"Ọ̀gá Káfíńtà," ni mo wí, "ẹ̀yin kọ́ lẹ ya olódo. Àwọn ojú yín ni wọn ò tíì mọ ara wọn."

Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Ẹ ní kí ni?"

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún un sọ.

Oṣù mẹ́rin ló fi ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mi ò rí aláìsàn tó fi ara jìn bẹ́ẹ̀ rí. Ó so okùn tiẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ogún ìṣẹ́jú wò ó lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì rò pé ó ti ń yí lórí. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ó gbé imú lé okùn bí ìṣe rẹ̀, ó bá dá dúró.

"Tíṣà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti di méjì."

"Níbo ni wọ́n ti pàdé?"

"Lórí pupa." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gẹ́lẹ́ lórí pupa!"

Èmi náà yí ojú sí ògiri, mo díbọ́n pé mò ń tún bọ́ọ̀lù so. Ẹ̀yìn mi ló wà tó fi sọ ọ̀rọ̀ tó kù. "Àwọn àgbà ní ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Ojú kan ni mo ti fi ń kí yín látọjọ́ yìí. Lónìí mo ti ní méjì."

Mo yí padà sí i. Mo ní, "Ẹni tí mò ń tọ́jú lẹ jẹ́, ọ̀gá. Ẹ má sọ irú ẹ̀ mọ́." Mo sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. Bó ṣe jáde ni mo lọ bá dókítà wa, ìyá arúgbó kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú.

Ó yọ awò rẹ̀. "Tó o bá fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, kúrò nídìí ojú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ẹ̀ lo fẹ́ tọ́jú, kúrò nídìí ọkàn ẹ̀. O ò lè di méjèèjì mú. Láti ọ̀la, èmi ni yóò máa tọ́jú ẹ̀, o ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí tí mo fi máa ní ó parí."

Mo sọ ọ́ fún káfíńtà. Ó mi orí. "Ogún ọdún ni okùn kan fi wà kó tó di méjì. Kí wá ni ti oṣù díẹ̀?"

Oṣù díẹ̀ náà di mẹ́wàá. Ògiri pẹlẹbẹ ló wà láàárín wa. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ lé aago kékeré tí dókítà fi ń díwọ̀n ìyára rẹ̀, kó-kó-kó. Nígbà mìíràn á dá àpárá, dókítà wa á sì rẹ́rìn-ín, dókítà tí kò rẹ́rìn-ín fún èmi rí láti ọdún mẹ́fà! Mo jowú ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún. Ohun tó tún burú jùyẹn lọ ni ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ràn, àbí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó wà lára rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé mo bá a pẹ̀lú ojú méjèèjì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé mi ò bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì?

Ọjọ́ kan ni mo dé ibi iṣẹ́ tí mo bá pákó ìdúró tuntun lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Èyí tó ti gbó máa ń ké bí adìẹ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Tuntun yìí, a fá a jọ̀lọ̀, a gé etí rẹ̀ kó má baà gé ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo yí i padà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà: "Fún Tíṣà Ojú. Kò ní dún mọ́." Olùtọ́jú gidi ì bá kọ́kọ́ wo bí lẹ́tà ṣe tò, bóyá wọ́n wọ́ sí apá kan. Èmi ò wò ó. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan pákó náà ni mò ń wá. Mo wá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mi, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ mí lọ́kàn mọ́.

Ọjọ́ tí dókítà ní ó parí, káfíńtà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi pè é. Àwa méjèèjì kò sọ púpọ̀. Ó kàn ní, "Ṣé mo lè pè ọ́ ní 'ìwọ' báyìí?" Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti bàbá mi. Mo rán àbúrò rẹ̀ obìnrin sí i, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Agbẹnusọ. Àǹtí ní òun ò lè ta ọjà tí òun ò rí. Ó gbé àga kan tó ti kú tán lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà bí oníbàárà, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mo ní kó bá mi tún un ṣe. Ó wò ó, ó ní, 'Màmá, mi ò ní tàn yín, àga yìí ti lọ.' Ọkùnrin tó lè sọ òótọ́ fún mi lójú, á lè sọ ọ́ fún ẹ náà. Màá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la jókòó sí pálọ̀ bàbá mi. Àǹtí pọ́n ọkùnrin náà títí, ó pọ́n ọwọ́ rẹ̀, ó pọ́n ìwà rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ tán.

"Iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ gidi ni. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìwé mélòó ló kà? Ọmọ ta sì ni?"

"Ọmọ awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé ìwé yín nígbà náà ni," Àǹtí dáhùn.

Bàbá mi dìde dúró. "Ọmọ tó ń ṣẹ́jú!"

Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí èèpo rẹ̀ ti ń já. Ìwé ìjìyà ilé ìwé rẹ̀ ni, kò fi í sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. "Bí wọ́n bá ní kó kàwé níwájú kíláàsì, á máa ṣẹ́jú sí tíṣà obìnrin. Mo kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá ní kó kàwé níwájú èmi náà, ó ṣẹ́jú sí èmi alára! Mo lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò padà wá mọ́."

Mo rí i kedere, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìwé lọ́wọ́, ojú òsì tó ń lọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe pé ó ń ṣẹ́—"

"Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Olódo ni, oníyẹ̀yẹ́ sì ni." Ó lu ìwé náà. "Mi ò ní sọ pé mi ò gbà láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Kó wá síbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kó ka ojú ewé kan níwájú mi láìṣẹ́jú. Bí kò bá lè kà á, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán nìyẹn."

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fági. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì ní, "O ò ní lọ. Ìwọ kọ́ lo máa lọ ṣe ìdánwò nítorí mi."

Ó gbé ìfági sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé orí sókè bí inú bá ń bí wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìwọ náà ń ṣe."

"O wá dákẹ́!"

"Kí n sọ ọ́ kí o máa tọ́jú mi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì fún bàbá ẹ̀? Mi ò fẹ́ àánú. Ìwọ ni mo fẹ́."

Mo jókòó sórí pákó kan. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Bí àyà ẹ bá já, àwọn lẹ́tà á tún pín. O mọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí." Ó mú ọwọ́ mi. "Ṣùgbọ́n ẹni tó lé mi kúrò nídìí ìwé, òun gan-an ni mo fẹ́ kà á fún."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi ní kó dìde, ó ní kó jókòó, ó sì gbé ìwé tó fẹ́ kó kà lé e lọ́wọ́. Mo ti rò pé ìwé ìròyìn ni yóò jẹ́. Ìwé ìjìyà náà ni, ó ti ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ tó lé e.

"Kà á," bàbá mi wí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọjọ́ kẹtàlá... oṣù kejì. Ọmọ kíláàsì kejì. Ó ń..." Ó dúró. Mo rí i tí ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ń wálẹ̀. Bàbá mi ti tẹ̀ síwájú. Mo di etí àga mú, mi ò lè ràn án lọ́wọ́, mi ò sì lè yí ojú kúrò. Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé fúnra rẹ̀, ó wo igi kan lọ́nà jínjìn lójú fèrèsé, ó mí kanlẹ̀, ó padà sórí ìwé. Mo dá ohun tó ṣe mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ, ní oṣù kìíní.

"Ó ń ṣẹ́jú sí olùkọ́ nígbà tí a ní kí ó kàwé. A kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aláìgbọràn. Olódo." Ó ka olódo yẹn ketekete, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. "A lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún bàbá mi. Bí mo bá sọ pé orí mi ò wú, irọ́ ni mo pa. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kàwé jù ú lọ, mi ò rí ẹni tó kà á bẹ́ẹ̀.

"O kà á," bàbá mi gbà. "Mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Kí ló dé tó o fi ń ṣẹ́jú sí mi?"

"Mi ò ṣẹ́jú sí yín, sà."

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i!"

Mo dìde. Mo yọ gíláàsì inú dúrọ́ọ̀ mi kúrò nínú àpò, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Bàbá, ẹ fi èyí lé awò yín."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ ní awò ni mò ń tà. Ẹ gbà á, ọ̀fẹ́ ni."

Àǹtí Agbẹnusọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rojú, ṣùgbọ́n ó fi í sójú. Mo ṣí ìwé náà padà. "Ẹ bá wa kà á, sà."

Bàbá mi ní ohùn ìwé kíkà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kà á níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ó gbé ohùn náà sókè. "Ọjọ́ kẹ... kẹta..." Ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù... Kí ló ń ṣe ìwé yìí?" Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ já gaara lójijì, ó ń kà á lọ bí omi, "Ó ń ṣẹ́jú sí olùkọ́ nígbà tí a ní kí ó—"

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ta ni ẹ ń ṣẹ́jú sí?"

Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú òsì. Ó ti pa dé. Kò mọ ìgbà tó pa á dé.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá mi wo ẹ̀yìn fún ìgbà pípẹ́. Ó yọ gíláàsì náà, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

"Ọmọ mélòó?" ó béèrè, kò wo ẹnì kankan. "Ọmọ mélòó ló wà nínú ìwé yìí tí mo ṣe báyìí sí?"

Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní bírò. Ó kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, ó fara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà gbàǹgbà bí èyí tí à ń kọ sójú pátákó. Ó wá gbé ìwé náà fún káfíńtà.

"Kà á sókè," ó ní, "kí ìyàwó ẹ gbọ́."

Àǹtí ti fò sókè lórí àga, ó ti ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà nìkan ni kò yí ojú kúrò lórí ìwé. Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì kà á láìdúró níbì kankan.

"Ọmọ yìí kò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ló ń kà. Èmi ọ̀gá ilé ìwé ni mo ṣì í mú."